Àyẹ̀wò ìmúratán ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé láti fi ẹnu jẹun

Àyẹ̀wò ìmúratán láti fi ẹnu jẹun jẹ́ ọ̀nà tí àwọn nọ́ọ̀sì, dókítà àti àwọn onímọ̀ nípa ọ̀rọ̀ sísọ àti oúnjẹ gbígbémì fi ń mọ ìgbà tí ọmọ tí a bí kí oṣù rẹ̀ tó pé lè bẹ̀rẹ̀ sí í mu ọmú, tàbí kí ó máa mu omi ọmú láti inú ife tàbí ìgò, dípò èyí tí a ń gba inú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ dà sínú ikùn rẹ̀. Àyẹ̀wò yìí kì í ṣe ti ẹ̀jẹ̀, kì í sì í ṣe ti àwòrán. Wíwò ni. A ń wo bí ọmọ ṣe jí, bí ara rẹ̀ ṣe rí, bí ó ṣe ń fa nǹkan mu, bí ó ṣe ń gbé e mì àti bí ó ṣe ń mí bí ó ti ń ṣe é lọ.

Fún ìgbà pípẹ́, iye ọ̀sẹ̀ tí ọmọ ti lò àti ìwọ̀n ara rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn fi ń ṣe ìpinnu yìí. Lóde òní, èrò tí ó gbilẹ̀ ni pé iye ọ̀sẹ̀ lè sọ ìgbà tí ó yẹ kí a máa retí ìmúratán, ṣùgbọ́n ìṣesí ọmọ fúnra rẹ̀ ni ó ń fi hàn bóyá ìmúratán náà ti dé. Ọmọ méjì tí wọ́n jọ pé ọ̀sẹ̀ 34 lè yàtọ̀ síra gidigidi: ọ̀kan lè mu ọmú yó, kí èkejì má sì lè fà á ju ìgbà mẹ́ta lọ kí ó tó gbàgbé láti mí.

Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé

Àjọ Ìlera Àgbáyé ka ọmọ sí ẹni tí oṣù rẹ̀ kò pé bí a bá bí i kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 37. Wọ́n pín irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta: àwọn tí a bí kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 28, àwọn tí a bí láàárín ọ̀sẹ̀ 28 sí 32, àti àwọn tí a bí láàárín ọ̀sẹ̀ 32 sí 37. Ní ọdún 2020, nǹkan bí mílíọ̀nù 13.4 irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni a bí káàkiri àgbáyé, èyí tí ó túmọ̀ sí bí ọmọ kan nínú mẹ́wàá. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí iye wọn pọ̀ jù. Àwọn Yorùbá ti mọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà pípẹ́, wọ́n sì máa ń pe ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ọmọ olóṣù méje.

Láti mọ ibi tí ìdàgbàsókè ọmọ bẹ́ẹ̀ dé, a kì í ka ọjọ́ tí ó ti lò láyé nìkan. A ń ka ọ̀sẹ̀ tí ó lò nínú oyún pọ̀ mọ́ ọ̀sẹ̀ tí ó ti lò láti ìgbà tí a ti bí i. Ọmọ tí a bí ní ọ̀sẹ̀ 29, tí ó sì ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin láyé, jẹ́ ọmọ ọ̀sẹ̀ 33. Iye yìí ni àyọkà yìí ń pè ní ọ̀sẹ̀ àpapọ̀.

Iṣẹ́ mẹ́ta tí ó gbọ́dọ̀ bára mu

Lójú ẹni tí ń wo ìyá ọlọ́mọ, ọmú mímu dà bí iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ọmọ kò kọ́ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Nínú ara ọmọ, iṣẹ́ mẹ́ta ni: fífà, gbígbémì àti mímí. Ahọ́n àti àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ń fa omi ọmú wá sí ẹnu, ọ̀fun ń gbé e mì, ẹ̀dọ̀fóró sì ń gba afẹ́fẹ́. Ohun tí ó mú iṣẹ́ yìí le ni pé ọ̀nà oúnjẹ àti ọ̀nà èémí pàdé nínú ọ̀fun. Nígbàkígbà tí ọmọ bá gbé nǹkan mì, ọ̀nà èémí ní láti pa dé fún ìgbà díẹ̀, kí ó sì tún ṣí kíákíá. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ pé máa ń ṣe é létòlétò: ó lè fà lẹ́ẹ̀kan, kí ó gbé e mì lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì mí lẹ́ẹ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì máa tò ó lọ.

Àwọn iṣẹ́ mẹ́ta yìí kì í dé lọ́jọ́ kan náà. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12 sí 14 ni ọmọ inú oyún ti ń gbé omi tí ó yí i ká nínú ilé-ọmọ mì. Fífà ń tẹ̀ lé e ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà. Nígbà tí ìbí bá ń súnmọ́ etílé, ọmọ lè gbé omi tí ó tó ìdajì lítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ mì lójúmọ́. Ṣùgbọ́n inú ara ìyá ni ọ́síjìn ti ń wá bá ọmọ inú oyún, kò sì nílò láti fi ẹ̀dọ̀fóró gba afẹ́fẹ́. Ọjọ́ tí a bá bí i ni ó tó di dandan fún un láti fi mímí kún iṣẹ́ méjì tí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí ọmọ tí ó ń fa ìka lẹ́nu dáadáa fi lè má tíì lè mu ọmú láìséwu.

Ìbámu láàárín fífà àti gbígbémì máa ń hàn ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ àpapọ̀ 32 sí 34. Ìbámu iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń dára sí i láti ọ̀sẹ̀ 34 sí 37, ó sì tún ń gbó sí i lẹ́yìn ìgbà náà. Àárín gbùngbùn ni àwọn ìṣirò wọ̀nyí: àwọn ọmọ kan yá jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn mìíràn sì pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, pàápàá àwọn tí ẹ̀dọ̀fóró, ọkàn tàbí ọpọlọ wọn ti ṣàìsàn.

Àwọn ìdí mìíràn tún wà nínú ara ọmọ. Ọ̀rá inú ẹ̀rẹ̀kẹ́, tí ń ran ọmọ lọ́wọ́ láti di orí ọmú mú ṣinṣin, kò tíì pọ̀ lára ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé. Iṣan rẹ̀ kò tíì lágbára, bẹ́ẹ̀ ni kì í pẹ́ lẹ́yìn tí ó bá jí kí oorun tó tún gbé e lọ. Oúnjẹ jẹ́ iṣẹ́ agbára fún un. Bí ó bá ná agbára lórí ọmú fífà ju èyí tí ó rí gbà nínú omi ọmú lọ, ìwọ̀n ara rẹ̀ kò ní pọ̀ sí i.

Ewu ìkánjú àti ewu ìfàfalẹ̀

Ìpinnu yìí ní ewu lọ́tùn-ún àti lósì. Bí a bá kánjú fi oúnjẹ sí ọmọ lẹ́nu, omi ọmú lè pá a lórí, kí ó sì ya sí ọ̀nà èémí. Èyí lè dá òtútù àyà sílẹ̀. Èémí ọmọ tún lè dúró. Bí ó bá dúró tó ìṣẹ́jú-àáyá 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn oníṣègùn kà á sí ìṣẹ̀lẹ̀ tí ó gba àmójútó. Lílù ọkàn, tí ó sábà máa ń wà láàárín ìgbà 120 sí 160 ní ìṣẹ́jú kan, lè rẹlẹ̀ ju 100 lọ. Ewu kan tún wà tí kì í hàn lójú ẹsẹ̀: ọmọ tí oúnjẹ ti pá lórí léraléra lè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohunkóhun tí ó bá súnmọ́ ẹnu rẹ̀, ìkọ̀sílẹ̀ yìí sì lè bá a dé ìgbà tí ó bá ń jẹ oúnjẹ líle.

Ìfàfalẹ̀ náà ní ìpalára tirẹ̀. Imú ni ọmọ ìkókó fi ń mí jù lọ, rọ́bà oúnjẹ tí ó gba imú kọjá sì ń dí apá kan ọ̀nà náà. Ọmọ tí kò rí ọmú fà kò ní àǹfààní láti kọ́ ọ. Omi ọmú ìyá náà lè máa dín kù bí kò bá sí ọmọ tí ń fà á. Ó sì tún mú kí ọmọ pẹ́ ní ilé ìwòsàn. Ẹgbẹ́ àwọn Dókítà Ọmọdé ti Amẹ́ríkà ka agbára láti fi ẹnu jẹun tó èyí tí ọmọ fi lè dàgbà mọ́ ohun mẹ́ta pàtàkì tí ọmọ gbọ́dọ̀ lè ṣe kí ó tó lè lọ sílé. Méjì yòókù ni kí ara rẹ̀ lè móoru láìsí ẹ̀rọ, kí èémí àti lílù ọkàn rẹ̀ sì dúró déédéé. Nínú mẹ́ta yìí, oúnjẹ ni ó sábà máa ń gbẹ̀yìn. Fún ìdílé tí ń san owó ìtọ́jú láti àpò ara rẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan tí a fi kún ìgbé ilé ìwòsàn kì í ṣe nǹkan kékeré.

Àwọn àmì tí a ń wò

Àwọn àmì náà pín sí mẹ́ta: èyí tí a ń wò kí oúnjẹ tó bẹ̀rẹ̀, èyí tí a ń wò bí ó ti ń lọ lọ́wọ́ àti èyí tí a ń wò lẹ́yìn rẹ̀.

Kí oúnjẹ tó bẹ̀rẹ̀, ara ọmọ ní láti balẹ̀ ná. Bí ó bá ń mí ju ìgbà 60 sí 70 lọ ní ìṣẹ́jú kan, tàbí tí àyà rẹ̀ ń wọnú bí ó ti ń mí, a máa ń sún un síwájú, nítorí kò sí àyè fún gbígbémì láàárín èémí tí ó yá tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni a ó wo bóyá ó jí. Àwọn àmì ebi tí ó dára ni pé:

- ọmọ la ojú, ó sì wà ní ìdákẹ́jẹ́;
- ó ń gbé ọwọ́ lọ sí ẹnu;
- ó ń yí orí sí ẹ̀gbẹ́ tí nǹkan bá ti kàn án lẹ́rẹ̀kẹ́, bí ẹni ń wá ọmú;
- ó ń la ẹnu, ó sì ń yọ ahọ́n sí ìsàlẹ̀ ètè;
- apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ká wá sí iwájú, ara rẹ̀ kò sì rọ jọwọrọ.

Ẹkún ni ó máa ń gbẹ̀yìn nínú àmì ebi. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé tí a bá dúró dè títí ó fi sunkún lè ti ná agbára tí ó yẹ kí ó fi mu ọmú tán. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ ní agbára láti sunkún rárá.

Bí oúnjẹ ti ń lọ lọ́wọ́, a ń wo bí ó ṣe ń fà: ṣé ó ń fà á léraléra kí ó tó sinmi, àbí ó kàn di orí ọmú mú lásán? Ṣé a ń gbọ́ ìró gbígbémì? Ṣé òun fúnra rẹ̀ ń dúró láti mí? Àwọn àmì pé agbára rẹ̀ kò gbé e mọ́ ni pé àwọ̀ àyíká ẹnu rẹ̀ ṣú, ihò imú rẹ̀ ń fẹ̀ sí i, omi ọmú ń ṣàn jáde ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu, ó ń wúkọ́, ìka ọwọ́ rẹ̀ yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, iwájú orí rẹ̀ hunjọ, ó ń yí ojú kúrò, tàbí kí gbogbo ara rẹ̀ dẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Òsúkè, sísín àti yíyán léraléra lè jẹ́ ọ̀nà tí ó fi ń sọ pé ó ti tó. Ìdákẹ́jẹ́ kò sì túmọ̀ sí àlàáfíà nígbà gbogbo: omi ọmú lè ya sí ọ̀nà èémí àwọn ọmọ kan láìsí pé wọ́n wúkọ́.

Lẹ́yìn oúnjẹ, a ń wo bí ó ti pẹ́ tó kí èémí àti lílù ọkàn tó padà sí ipò wọn, àti bóyá ó rẹ̀ ẹ́ débi pé kò lè jí fún oúnjẹ tí ó tẹ̀ lé e.

Àwọn òṣùwọ̀n

Ní ọdún 1968, Peter Wolff, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Boston, ṣe àlàyé oríṣi fífà méjì. Nígbà tí omi ọmú bá ń wọlé, ọmọ ń fà ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí kò bá sí omi ọmú, bí ìgbà tí ó ń fa ìka tàbí ọmú rọ́bà, ó ń fà ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mejì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí kò sí ohun tí yóò gbé mì. Ìyàtọ̀ yìí wà ní ìpìlẹ̀ ọ̀pọ̀ òṣùwọ̀n tí ó tẹ̀ lé e.

NOMAS. Marjorie Meyer Palmer àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣe òṣùwọ̀n yìí ní àwọn ọdún 1980, wọ́n sì tún un ṣe ní ọdún 1993. Ó ń wo ìrìn àgbọ̀n àti ahọ́n nìkan, ó sì pín ọmọ sí mẹ́ta: àwọn tí fífà wọn tọ́, àwọn tí fífà wọn kò ní ètò, àti àwọn tí àìlera ń da fífà wọn rú.

PIBBS. Kerstin Hedberg Nyqvist àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Uppsala, ní Sweden, gbé e jáde ní ọdún 1996. Ó yàtọ̀ nítorí pé orí ọmú ìyá ni a ti ń lò ó, ìyá fúnra rẹ̀ sì lè ṣe àkíyèsí náà. Ohun mẹ́fà ni ó ń wò: bí ọmọ ṣe ń wá ọmú, bí ó ṣe gba ọmú sẹ́nu tó, bí ó ti pẹ́ tó lórí rẹ̀, bí ó ṣe ń fà, iye ìgbà tí ó fà léraléra jù lọ, àti gbígbémì.

EFS. Suzanne Thoyre, Catherine Shaker àti Karen Pridham gbé e jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2005. Ó tẹ̀ lé ìpín mẹ́ta tí a ti mẹ́nu bà lókè: ìmúratán kí oúnjẹ tó bẹ̀rẹ̀, ìṣe ọmọ bí ó ti ń jẹun, àti bí ara rẹ̀ ṣe padà bọ̀ sípò lẹ́yìn oúnjẹ.

POFRAS. Brazil ni òṣùwọ̀n yìí ti wá. Cristiane Fujinaga àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ṣe é, wọ́n sì tẹ èsì àyẹ̀wò ìgbẹ́kẹ̀lé rẹ̀ jáde ní ọdún 2007. Ohun 18 ni ó ń wò, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lè gba máàkì 0 sí 2, tí gbogbo rẹ̀ lè jẹ́ 36. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀sẹ̀ àpapọ̀, ó wo bí ọmọ ṣe jí, ìdúró àti agbára ara rẹ̀, ipò ètè àti ahọ́n, àti bí ẹnu rẹ̀ ṣe ń dáhùn bí a bá fi nǹkan kàn án. Lẹ́yìn èyí, olùyẹ̀wò yóò wọ ìbọ̀wọ́, yóò sì fi ìka sí ọmọ lẹ́nu láti mọ bí ó ṣe ń fà. Nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2013, máàkì 28 ni ó ya ọmọ tí ó ti múra tán sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí kò tíì múra tán jù lọ. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ó tọ́: nǹkan bí ọmọ mẹ́ta nínú mẹ́rin ni ó pín sí ibi tí ó yẹ.

Òṣùwọ̀n Chantal Lau. Ní ọdún 2011, Lau àti akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Houston dábàá ọ̀nà mìíràn fún ọmọ tí ó ń mu ìgò: kí a wo iye omi ọmú tí ó mu ní ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́, àti iye tí ó ń mu ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan ní gbogbo ìgbà tí ó fi jẹun. Ọmọ tí ó mu ó kéré tán ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún oúnjẹ rẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún náà, tí ó sì mu tó mìlílítà 1.5 ní ìṣẹ́jú kan, wà ní ipò gíga jù nínú ipò mẹ́rin. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ó ya àìmọ̀ọ́ṣe sọ́tọ̀ kúrò lára àárẹ̀. Ọmọ tí ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa tí ó sì dẹwọ́ lẹ́yìn náà mọ̀ ọ́n ṣe. Agbára ni kò ní.

Ibi tí agbára òṣùwọ̀n mọ

Àgbéyẹ̀wò Cochrane kan tí ó jáde ní ọdún 2012, tí wọ́n sì tún yẹ̀ wò ní ọdún 2016, wá àwọn ìwádìí tí ó fi ọmọ tí a lo òṣùwọ̀n fún wé ọmọ tí a kò lò ó fún, ní ọ̀nà tí a fi ń dán ìtọ́jú wò. Wọn kò rí ẹyọ kan tí ó kún ojú ìwọ̀n. Èyí kò túmọ̀ sí pé òṣùwọ̀n kò wúlò. Ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé kò tíì sí ẹ̀rí irú èyí tí yóò fi hàn pé lílo ọ̀kan nínú wọn ń mú ọmọ tètè lọ sílé ju ojú nọ́ọ̀sì tí ó mọṣẹ́ lọ. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ń lo òṣùwọ̀n gẹ́gẹ́ bí èdè àjọsọ: ó ń jẹ́ kí nọ́ọ̀sì òwúrọ̀ àti ti alẹ́ wo ohun kan náà, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́nà kan náà.

Ọ̀rọ̀ yìí tan mọ́ ọ̀nà ìfúnlóúnjẹ tí ó tẹ̀ lé àmì ebi ọmọ dípò aago. Àgbéyẹ̀wò Cochrane mìíràn ní ọdún 2016 rí i pé ọ̀nà yìí lè mú kí ọmọ tètè kúrò lórí rọ́bà, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ara lè máa pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀ ju ti ọmọ tí a ń fún lóúnjẹ ní wákàtí sí wákàtí. Ẹ̀rí náà kò sì lágbára púpọ̀.

Ọmú, ife àti ìgò

Èrò àtijọ́ ni pé ìgò olórí rọ́bà, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní fídà, rọrùn fún ọmọ ju ọmú lọ, àti pé ọmọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yege lórí ìgò kí a tó gbé e fún ìyá rẹ̀. Ní ọdún 1988, Paula Meier ní Chicago fi ìwádìí lórí ọmọ márùn-ún hàn pé ìwọ̀n ọ́síjìn ara wọn dúró déédéé nígbà tí wọ́n mu ọmú ju ìgbà tí wọ́n mu ìgò lọ. Lórí ọmú, ọmọ ni ó ń darí bí omi ṣe ń ṣàn. Láti inú ìgò, omi lè máa kán sí i lẹ́nu yálà ó múra tán láti gbé e mì tàbí kò múra tán.

Ìwádìí Nyqvist tí ó jáde ní ọdún 2008 tẹ̀ lé ọmọ 15 tí a bí láàárín ọ̀sẹ̀ 26 sí 31. Àwọn kan ti ń wá ọmú, tí wọ́n sì ń fà á, ní ọ̀sẹ̀ 29, àwọn kan sì ti ń fà á tí wọ́n ń gbé e mì dáadáa láti ọ̀sẹ̀ 31. Láàárín ọ̀sẹ̀ 32 sí 38 ni wọ́n dé ibi tí ọmú nìkan ti tó wọn. Iye ọmọ inú ìwádìí méjèèjì kéré, ṣùgbọ́n wọ́n mú kí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn tún òfin ọ̀sẹ̀ 34 rò.

Ife kékeré jẹ́ ọ̀nà mìíràn, ó sì wọ́pọ̀ ní ibi tí omi mímọ́ fún fífọ ìgò kò ti dájú. A ó gbé ọmọ jókòó bí ẹni tí ó dúró díẹ̀, a ó fi etí ife kan ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀, a ó sì jẹ́ kí ó fi ahọ́n lá omi ọmú náà fúnra rẹ̀. A kì í dà á sí i lẹ́nu.

Ìmúrasílẹ̀ fún ọmú

Ìmúratán kì í ṣe ohun tí a kàn ń dúró dè. Jíjẹ́ kí ọmọ fa ìka tàbí ọmú tí a ti fún omi inú rẹ̀ tán, nígbà tí oúnjẹ ń gba inú rọ́bà wọlé, ń mú kí ìgbà tí yóò lò lórí rọ́bà kúrú. Àgbéyẹ̀wò Cochrane fi ìdí èyí múlẹ̀. Ìtọ́jú àwọ̀ kan àwọ̀, tí Edgar Rey Sanabria bẹ̀rẹ̀ ní Bogotá, ní Colombia, ní ọdún 1978, náà ń ṣèrànwọ́. A ń gbé ọmọ, tí kò wọ ju ìtẹ́dìí àti fìlà lọ, lé àyà ìyá rẹ̀, a sì ń fi aṣọ ọ̀já dì í mọ́ ọn. Ara ìyá ń mú un móoru, ọmú sì wà nítòsí ẹnu rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ó bá jí. Ní ọdún 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn pé kí a bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní kété tí ó bá ti ṣeé ṣe lẹ́yìn ìbí.

Ní Nàìjíríà àti láàárín àwọn Yorùbá

Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ní Nàìjíríà, ẹ̀rọ tí ń ka lílù ọkàn àti ọ́síjìn kì í tó fún gbogbo ọmọ, àwọn onímọ̀ nípa oúnjẹ gbígbémì kò sì pọ̀. Ojú nọ́ọ̀sì àti ojú ìyá ni ẹ̀rọ tí ó wà nítòsí jù. Ìyá tí a ti kọ́ ní àwọn àmì tí ó wà lókè lè rí i pé àyíká ẹnu ọmọ ń ṣú kí ẹnikẹ́ni tó dé ibẹ̀, ó sì lè yọ ọmú kúrò kí ọmọ lè mí.

Àṣà kan wà tí ó kan ọ̀rọ̀ yìí gidi, èyí ni rírọ ọmọ. Ìyá tàbí ìyá àgbà yóò tẹ́ ọmọ sórí itan, yóò fi àtẹ́lẹwọ́ ṣe bí ife sí i lẹ́nu, yóò sì da ẹ̀kọ mímu, omi tàbí àgbo sí i títí ikùn yóò fi le. Èrò tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ dára: kí ọmọ tí kò lágbára lè yó. Ṣùgbọ́n nínú rírọ, ọwọ́ àgbà ni ó ń pinnu ìgbà tí ọmọ yóò gbé mì, ọmọ kò sì ní àyè láti dúró mí. Ó léwu fún ọmọkọ́mọ. Fún ọmọ tí iṣẹ́ mẹ́ta inú ọ̀fun rẹ̀ kò tíì bára mu, ó lè gba ẹ̀mí. Ọmọ tí ó tín-ín-rín jù, tí àánú rẹ̀ sì ń ṣe ìdílé jù, gan-an ni kò lè fara dà á.

Lẹ́yìn tí ọmọ bá délé

Ìmúratán tí a rí ní ilé ìwòsàn kì í ṣe òpin. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé ṣì lè tètè rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, nítorí náà oúnjẹ díẹ̀díẹ̀ tí kò jìnnà síra ni ó bá a mu, ó sì lè pọn dandan láti jí i láti jẹun. Àmì pé ó ń rí oúnjẹ tó ni pé ó ń tọ̀ tó ìgbà mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́, àti pé ìwọ̀n ara rẹ̀ ń lọ sókè nígbà tí a bá gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Bí àyíká ẹnu rẹ̀ bá ń ṣú nígbà tí ó ń jẹun, bí èémí rẹ̀ bá ń dúró, bí ó bá ń wúkọ́ ní gbogbo ìgbà tí ó bá mu ọmú, tàbí bí ó bá kọ ọmú lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀ léra, kí wọ́n gbé e padà sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.